Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n san owó ẹ̀rọ yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 38 ni mí, mọ́tò Ìbàdàn sí Èkó ni mo ń wà. Ó ti lé lọ́dún kan tí àárín ẹpọ̀n mi sí ihò ìdí ti ń dùn mí, pàápàá tí mo bá jókòó pẹ́. Ìtọ̀ ń ta mí. Tí mo bá bá ìyàwó mi sùn, á tún le sí i. Mo ti lo síprò, oògùn apakòkòrò, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo ti mu agbo jẹ̀dí ní gáréèjì títí. Dókítà ní prósíteètì mi, ẹ̀yà ara abẹ́ àpò ìtọ̀ tó ń pèsè omi àtọ̀, ló wú, pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹnì kan wá fi ìpolówó ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ẹ̀rọ tó ń fi ooru wo prósíteètì láti inú, láìlo abẹ. Owó rẹ̀ kò kéré. Ṣé kí n san án? Ọmọ kan péré la ṣì bí.
Awakọ̀, Ìbàdàn

Àbúrò mi, jẹ́ kí owó yẹn ṣì wà lápò rẹ. Lóòótọ́, wọn ò ní là ọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa tì gba ojú ihò ìtọ̀ rẹ wọlé, kí ooru tó dé ibẹ̀. Nítorí àwọn bàbá tí prósíteètì wọn tóbi tí kò jẹ́ kí wọ́n tọ̀ geere ni wọ́n ṣe ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún, a rí àwọn tí àtọ̀ wọn kì í jáde síta mọ́, inú àpò ìtọ̀ ló ń padà sí. Ìwọ tí o ṣì ń wá ọmọ!

Síprò ẹ̀ẹ̀mẹrin ńkọ́? Ta ló yẹ ìtọ̀ rẹ wò kó tó kọ ọ́? Nínú ọkùnrin mẹ́wàá tó ní irú ìrora yìí fún oṣù mẹ́ta sókè, bíi mẹ́sàn-án ni a kì í bá kòkòrò lára wọn. Oògùn náà kò rí ẹni bá jà. Ó sì lè ba iṣan gìgísẹ̀ jẹ́, ẹsẹ̀ tí o fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Láti yẹ ìtọ̀ rẹ wò, ife méjì ni kí wọ́n fún ọ. O ó tọ̀ sínú àkọ́kọ́. Dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi jẹ́lì pa ìka kan, á tì í bọ ihò ìdí rẹ, á rọra máa tẹ prósíteètì náà, tí kò ju awùsá lọ. Rọ́jú, bú u nínú ọkàn rẹ tó bá wù ọ́. Lẹ́yìn náà, tọ̀ sínú ìkejì. Tí kòkòrò bá wà nínú ìkejì tí kò sí nínú àkọ́kọ́, ọwọ́ ti tẹ olè nìyẹn. Oògùn tó bá a mu ni wàá lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún ti kẹ́míìsì.

Tí kò bá sí kòkòrò, ẹ̀rọ kan wà tí n kò ní bá ọ jà lé lórí. Shockwave ni wọ́n ń pè é. Ìta ni wọ́n ń gbé e lé, ibi tó ń dùn ọ́ gan-an, á máa ta kọ́kọ́kọ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Lọ́dún 2009, ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin 60: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn tí ẹ̀rọ náà ta lóòótọ́ rí ìtura ju àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ lásán tàn lọ. Abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà náà wà, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Nínú ìwádìí 2021 lórí ọkùnrin 440, ìgbà 20 ni wọ́n gún wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bíi 60 nínú 100 ló rí ìtura, nígbà tí àwọn tí wọ́n gún ní ìgún ẹ̀tàn jẹ́ bíi 37. Ìtura ni mo wí o, n kò pè é ní ìwòsàn.

Kí o tó náwó sí èyíkéyìí, wá oníṣẹ́ fisiotẹ́rápí tó mọ̀ nípa iṣan abẹ́ ìdí. Tìrẹ lè ti fún pọ̀ gan-an lórí ìjókòó ọkọ̀. Tí o bá dé Ògèrè, sọ̀ kalẹ̀, rìn díẹ̀. Lálẹ́, jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Agbo gáréèjì yẹn, jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọtí tí wọ́n fi rẹ ẹ́ lè máa ta àpò ìtọ̀ rẹ. Èmi náà mu ún rí, kí n tó di nọ́ọ̀sì, ẹkún ni mo fi ń tọ̀.

Tí ibà bá gbé ọ dè, tàbí tí ìtọ̀ bá sé, má ṣe kọ̀wé sí mi. Ilé ìwòsàn, lálẹ́ ọjọ́ náà.