Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá Rolex tí bàbá mi fi sílẹ̀ jẹ́ ojúlówó?

Ẹ ní ọdún 1972 ni bàbá yín rà á, ẹnì kan ní Sábó, n'Íkòròdú níbí, sì ti ń ná an. Ẹ má tíì tà á.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú aago náà, kí ẹ wá gbé e wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Láyé ìgbà yẹn, èròjà kan tó ń jẹ́ tritium ni wọ́n fi ń kun ọwọ́ aago kó lè tàn lóru. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà T fi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ SWISS nísàlẹ̀ ojú rẹ̀. Agbára tritium ń dín sí ìdajì ní bí ọdún 12 síra, torí náà tiyín ti kú tán. Bó bá wá ń tàn yòò fún wákàtí gbáko, wọ́n ti tún un kùn tàbí kí wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ayédèrú o, àmọ́ owó rẹ̀ á já wálẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún aago ṣe bọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀: nọ́ńbà irú aago náà wà lápá 12, nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an wà lápá 6. Kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níṣojú yín, kí ẹ rí orúkọ Rolex lára ẹ̀rọ inú. Bí ẹ̀yìn náà bá jẹ́ gíláàsì, ẹ fura.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín dán ara irin rẹ̀ kó lè máa kọ mànà o!