Kílò mélòó ló yẹ kí aláboyún fi kún? Ohun tí ojú mi rí rèé

Àbúrò mi tó ń gbé Ìkẹ́rẹ́, mo kí ẹ o, Ọlọ́run á jẹ́ kó o sọ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. O ní oyún àkọ́kọ́ rèé, ó ti pé oṣù márùn-ún, o jẹ́ kílò 62 kó tó dé, o ti di 66 báyìí, gíga ẹ sì jẹ́ mítà 1.63. Ìyá ọkọ ẹ ní o ti rù jù, pé kí o máa jẹ oúnjẹ ẹni méjì. Ọ̀rẹ́ ẹ lọ́jà ní kí o dín oúnjẹ kù kí ọmọ má baà tóbi kí wọ́n má lọ fi iṣẹ́ abẹ gbé e. O wá ń béèrè pé ta ni kí o gbọ́ tiẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì o, kò sí èyí tó yẹ kí o tẹ̀ lé. Èmi ti gbé oyún méjì, ìkíní mú mi rù kanlẹ̀, ìkejì mú mi sanra, èyí tí mo sanra yẹn ni gbogbo èèyàn ń bá mi yọ̀ lé lórí, òun gan-an ló sì fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o ka èyí dópin.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò tìẹ. Iye tó yẹ kéèyàn fi kún kò dọ́gba, ibi téèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á mú kílò tó o wà kí oyún tó dé, wọ́n á fi gíga ẹ pín in, wọ́n á tún fi gíga kan náà pín ohun tó jáde, òun ni wọ́n ń pè ní BMI. Tìẹ jẹ́ bíi 23. Ẹni tó bá wà láàárín 18.5 sí 24.9, kílò 11.5 sí 16 ló yẹ kó fi kún títí á fi bímọ. Ẹni tó tínrín tí tiẹ̀ kò tó 18.5, kílò 12.5 sí 18. Ẹni tó ti lára díẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti 25 dé 29.9, kílò 7 sí 11.5. Ẹni tó bá ti pé 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kílò 5 sí 9 péré. Ọdún 2009 ni Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà gbé àwọn iye yìí jáde, ọ̀pọ̀ dókítà ló ń lò ó títí di ìsinsìnyí. Oyún ọmọ kan ni mò ń sọ o, ti ìbejì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ara ẹ̀ rí bíi tìẹ lè fi kílò 17 sí 25 kún tó bá gbé ìbejì, a sì mọ̀ bí ìbejì ṣe pọ̀ tó nílẹ̀ wa.

Nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdajì kílò sí kílò méjì náà ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń fi bí ìdajì kílò kún lọ́ọ̀sẹ̀, kó tiẹ̀ dín díẹ̀. Kílò 4 tó o fi kún yìí, ibi tó yẹ kó o wà gan-an lo wà. Bó bá ń lọ bó ṣe ń lọ yìí, nǹkan bíi 73.5 sí 78 ló yẹ kí o wà nígbà tó o bá fẹ́ bí. Kò sí rírù kankan níbẹ̀.

Fún ìyá wa, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀, bá a jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó o ṣàlàyé pé kì í ṣe ọ̀rá ni gbogbo kílò yẹn. Ọmọ fúnra ẹ̀ á tó bíi kílò mẹ́ta lé díẹ̀, ibi ọmọ ò tó kílò kan, omi tí ọmọ wà nínú ẹ̀ ń lọ sí bíi kílò kan, ilé ọmọ tó ti fẹ̀, ọyàn tó ń múra sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti pọ̀ sí i lára ẹ, gbogbo ẹ̀ ló ní ìwọ̀n tiẹ̀. Ìyókù ni ọ̀rá tí ara ń tọ́jú pamọ́ fún ìgbà tó o bá ń fún ọmọ lọ́yàn.

Oyún mi àkọ́kọ́, èébì ni. Ìlawẹ̀ ni mo ń gbé nígbà náà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí mo bá gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ilé kejì mo ti sáré jáde. Àwọn èèyàn ní kí n máa fi mọ́ọ̀tì po mílíìkì mu, pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Kò fún mi lẹ́jẹ̀ kankan, súgà ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ohun tó bá mi mu ni kí n máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, èkuru funfun, búrẹ́dì gbígbẹ kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ògì tó tutù díẹ̀, kí n má jẹ́ kí inú mi ṣófo rárá. Ọjọ́ tí omi gan-an ò dúró mọ́ tí mo tọ̀ tí ìtọ̀ náà wá pọ́n bíi tíì, ọsibítù ni wọ́n gbé mi lọ, wọ́n fa omi sí mi lára. Tí ẹni tó ń ka èyí bá ń bì débi pé ó ti ń sọ kílò nù lórí èyí tó ní kó tó lóyún, kó má jókòó sílé máa dúró kó pé oṣù mẹ́ta. Ọmọ yẹn wá sáyé pẹ̀lú ìwọ̀n tó dáa, nítorí pé lẹ́yìn tí èébì dáwọ́ dúró mo jẹun dáadáa, mi ò dẹ̀ gbọ́ ti àwọn tó ní kí n dín in kù.

Èyí tí ọ̀rẹ́ ẹ sọ nípa dídín oúnjẹ kù, jọ̀ọ́, gbàgbé ẹ̀. Ọmọ tí kò rí oúnjẹ tó nínú oyún lè kéré jù tàbí kó tètè wá sáyé. Òótọ́ ni pé téèyàn bá sanra kọjá ààlà, ìtọ̀ súgà inú oyún lè wá, ọmọ lè tóbi, ìbí lè nira. Ṣùgbọ́n àárín lọ̀nà wà. Láti oṣù kẹrin sí ìkẹfà, bíi kálórì 340 lóòjọ́ lo máa fi kún ohun tó o ń jẹ tẹ́lẹ̀, tó bá di oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ó di bíi 450. Ẹyin sísè kan, mọ́ínmọ́ín kékeré kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 340 yẹn, ìyẹn ò sì sún mọ́ oúnjẹ ẹni méjì rárá.

Èmi ò ní sọ fún ọmọ Èkìtì pé kó má jẹ iyán, ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Dín òkèlè kù díẹ̀, kó o fi kún ọbẹ̀, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ẹ̀bọ̀lọ̀ kún inú ẹ̀, kí ẹja àti ẹ̀gúsí wà níbẹ̀. Ẹ̀wà dáa, wàrà náà dáa. Ìgbín tí wọ́n ní kí aláboyún má jẹ kí ọmọ má baà máa da itọ́, mo jẹ ẹ́ nínú oyún méjèèjì, mo sè é jinná dáadáa, àwọn ọmọ mi ò da itọ́ ju ọmọ ẹlòmíì lọ. Òògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún ẹ ní antenatal, lò ó lójoojúmọ́, má fi tíì tàbí mílíìkì gbé e mì, tí ìgbẹ́ ẹ bá dúdú má bẹ̀rù.

Ó wá ku ti oyún kejì. A ti kó wá sí Adó nígbà yẹn. Ó ti lé ní oṣù méje, ojú mi kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ, a lọ síbi ìkómọ kan, gbogbo àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ń sọ pé oyún yìí mà yẹ mí o, pé ọkọ mi ń tọ́jú mi. Òrùka ìgbéyàwó mi ò sì yọ mọ́ lọ́wọ́, orí ń fọ́ mi láti ìdajì ọ̀sẹ̀, mo rò pé oòrùn ni. Nígbà tí ọjọ́ antenatal pé, mo gun sikéèlì, mo ti fi kílò mẹ́ta kún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn pé kí n yé jẹ iyán lálẹ́, inú bí mi gan-an, torí pé mi ò tiẹ̀ lè jẹun mọ́ lálẹ́. Nọ́ọ̀sì kejì, àgbà obìnrin kan, ló wò mí lójú, kò sọ nǹkan kan, ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n jókòó kó wọn BP mi, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. 150/100 ni. Ó ní kí n lọ tọ̀ wá, prótíìnì ti wà nínú ìtọ̀. Kò jẹ́ kí n padà sílé.

Omi ló wà lára mi, kì í ṣe ọ̀rá. Àìsàn yẹn ni wọ́n ń pè ní pre-eclampsia, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, tí wọn ò bá tètè mú un ó máa ń di gìrì, ìyá àti ọmọ lè bá a lọ. Wọ́n fún mi lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ magnesium sulphate tó ń dènà gìrì, wọ́n ṣọ́ mi títí oyún fi pé ọ̀sẹ̀ 37, wọ́n wá fa ìrọbí fún mi, nítorí pé ìbímọ nìkan ló ń parí àìsàn náà. Ọmọ jẹ́ kílò 2.4. Ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí, Ọlọ́run ṣeun, àgbà nọ́ọ̀sì yẹn náà ṣeun, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú nìyẹn, àbúrò mi. Kí kílò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ kò burú. Èyí tó bá fò sókè lójijì, tó lé ní kílò kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn oṣù karùn-ún, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí ẹ pé o sanra, lọ wọn BP ẹ. Ẹsẹ̀ wíwú lásán nírọ̀lẹ́ wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tí ojú àti ọwọ́ bá wú, tí orí ń fọ́ tí kò lọ, tí ojú ń ṣú, tàbí tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ẹ́, má dúró de ọjọ́ antenatal, ì báà jẹ́ òru. BP tó bá ti dé 140/90, kì í ṣe ohun tí wọ́n máa ní kó o lọ sinmi nílé lé lórí láìyẹ ìtọ̀ ẹ wò.

Sikéèlì kan náà ni kó o máa gùn, kó o bọ́ bàtà, kó o tú gèlè, torí ti ilé olóògùn àti ti ọsibítù kì í bára mu, wọ́n á kàn dá ìpayà sí ẹ lára lásán. Kọ kílò àti BP sí ẹ̀yìn káàdì ẹ fúnra ẹ nígbà gbogbo. Àyẹ̀wò súgà tí wọ́n ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ti ń bọ̀ lọ́nà fún ẹ, tí wọn ò bá dárúkọ ẹ̀, ìwọ béèrè. Tó o bá ti antenatal dé, sọ iye tí BP ẹ jẹ́ fún mi, nítorí o kọ kílò àti gíga síbí ṣùgbọ́n o ò sọ ti BP rárá.