Èsì: Àpáàdì tí ẹ bá nínú ìpìlẹ̀ n'Ífẹ̀

Ẹ kú ìnáwó ilé kíkọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá kí àwọn lébìrà máa fọ́ àpáàdì tí wọ́n bá nínú ìpìlẹ̀ yín lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn dúró ná. Àpáàdì tí wọ́n tò lóòró, tó fún mọ́ra, tí òkúta funfun wà láàárín, kì í ṣe ààtàn rárá. Ilẹ̀ àgbàlá àtijọ́ ni, irú èyí tí ìtàn Ifẹ̀ ní Ọọ̀ni Lúwo, ọba Ifẹ̀ kan láyé àtijọ́, ní kí wọ́n tẹ́. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ri ọrùn ìkòkò mọ́ àárín rẹ̀. Ojú ètùtù ni wọ́n sábà máa ń kà á sí.

Ẹ má hú u o! Èédú àti erùpẹ̀ tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Tí ẹ bá ti kó o sínú àpò, ó parí. Ẹ ya fọ́tò, ẹ fi tépù wọ̀n bó ṣe jìn tó, kí ẹ wá lọ sí mùsíọ́mù ẹ̀gbẹ́ ààfin. Ìpìlẹ̀ ilé bíi tiyín náà ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀ lọ́dún 1938 tí wọ́n fi kan àwọn ère orí idẹ Ifẹ̀ àtijọ́ tó lókìkí.