Iye Owó Igi Gígé Lẹ́bàá Wáyà Iná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ igi gígé ni mò ń ṣe ní Mushin láti ọdún 9 sẹ́yìn. Bàbá onílé kan ní Súrùlérè ní kí n wá bá òun gé igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà òun, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ kan ti wọ inú wáyà iná gíga tó gba ojú títì kọjá. Mo pè é ní 180,000 náírà. Ẹlòmíràn pè é ní 60,000, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ ni òun yóò gé e. Bàbá sọ pé ọ̀dájú ni mí. Báwo ló ṣe yẹ kí n ṣírò owó irú iṣẹ́ yìí? — Agégi, Mushin.

ÌDÁHÙN: Kí a tó dé orí owó, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ohun tí ẹnìkejì yín sọ, nítorí ibẹ̀ ni ikú wà. Mo ti bá ẹbí agégi kan ṣọ̀fọ̀ rí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Pé wọ́n mú iná lọ kò ní kí wáyà má pa ènìyàn. Iná lè dé lójijì. Bẹ́ẹ̀ sì ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan, bí wọn kò bá so ó dáadáa, lè rán iná padà sínú wáyà, kí ó gba inú tiransifọ́mà kọjá, kí ó sì di iná ńlá. Fólítì 11,000 tàbí 33,000 ni irú wáyà gíga bẹ́ẹ̀ ń gbé, nígbà tí èyí tó wọ iyàrá wa kò ju nǹkan bí 230 lọ. Ẹ dúró nílẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀ka náà: bí ṣóńṣó ewé tó kọjú sí wáyà bá ti gbẹ, tó pọ́n rúsúrúsú bí èyí tí wọ́n fi iná yán, tí ewé ẹ̀yìn rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, iná ti ń kan igi náà nìyẹn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án, ẹ má sì gbé àkàbà onírin tì í.

Nítorí náà, ẹ má ṣe díye lé ẹ̀ka inú wáyà rárá títí ilé-iṣẹ́ apínná yóò fi pa wáyà náà, tí òṣìṣẹ́ wọn yóò sì dúró tì yín. Ní Èkó, Eko Electricity Distribution tàbí Ikeja Electric ni, àwọn tó gba iṣẹ́ ní 2013 tí a ṣì ń pè ní NẸ́PÀ. Kí bàbá kọ ìwé sí wọn fúnra rẹ̀. Ojúṣe wọn ni láti mú ẹ̀ka kúrò lára wáyà wọn, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé apá yẹn, kí owó tiyín sì wálẹ̀. Bí ẹ óò bá gé igi náà lulẹ̀ pátápátá, kí bàbá kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ LASPARK, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó igi àti ọgbà ìtura.

Ní ti owó, ẹ má ṣe wo gíga igi. Ọwọ́ àti ọjọ́ ni kí ẹ kà. Igi tí kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀ lè wó lulẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́bàá wáyà, ńṣe ni ẹ óò máa fi okùn so ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, tí ẹ óò sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ẹnìkan lórí igi, ẹni méjì nídìí okùn, àti ẹnìkan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa ṣọ́ wáyà. Bí a bá fi owó iṣẹ́ ojúmọ́ kan sí 15,000, ènìyàn 4 fún ọjọ́ 2 jẹ́ 120,000. Ẹ fi 20,000 kún un fún epo àti okùn, àti 35,000 fún ọkọ̀ tí yóò kó igi lọ, ó di 175,000. Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní ọ̀dájú, 5,000 péré ló kù fún yín! Nínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ ọ́ pé bí wọn kò bá tíì pa wáyà ní agogo 10 òwúrọ̀, onílé yóò san ìdajì owó ọjọ́ náà, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ti jáde nílé.

Ẹ mú ìṣirò yìí lọ sọ́dọ̀ bàbá, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò ṣọ́ wáyà nínú 60,000 yẹn. Bí wọ́n bá ṣì yan ẹnìkejì, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ apínná tó sún mọ́ ibẹ̀, kí ẹ sì júwe òpópónà náà àti òpó tí ẹ̀ka náà wà fún wọn.