Èsì: Ṣé orúkọ ìdílé gidi ni Zhuge?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé orúkọ ìdílé gidi ni Zhuge ní Ṣáínà àbí ti inú fíìmù lásán. Gidi ni o, kàn jẹ́ pé kò wọ́pọ̀ bíi Wang àti Li. Ge nìkan ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìlú Zhu ní Shandong ni wọ́n wà, ìgbà tí wọ́n wá kó lọ sí Yangdu wọ́n bá àwọn Ge mìíràn níbẹ̀, làwọn èèyàn bá ń pè wọ́n ní Ge ará Zhu, bó ṣe lẹ̀ mọ́ wọn lára nìyẹn.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni Zhuge Liang (181–234), igi lẹ́yìn ọgbà ọba ìjọba Shu ní Ṣáínà àtijọ́. Àmọ́ ibi tó dùn mọ́ èmi jù nìyí: ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Zhuge Jin, ń sin Wu, ìbátan wọn Zhuge Dan wà ní Wei, ìjọba mẹ́ta tó ń bá ara wọn fà á! Lọ́dún 215 Sun Quan, olórí Wu, rán Jin níṣẹ́ sí Liu Bei tó jẹ́ ọ̀gá Liang, ojú gbogbo èèyàn nìkan ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ríra, wọn ò jókòó pọ̀ ní kọ̀rọ̀ rárá.

Abúlé kan ṣì wà ní Lanxi, Zhejiang, tó kún fún àwọn Zhuge, wọ́n ní àtọmọdọ́mọ Liang làwọn.