Ṣé kí n kó gbogbo owó mi lé Range Rover tòkunbọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mẹkáníìkì. Owódé ní Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé, símẹ́ǹtì àti irin ni mò ń tà. Ẹnì kan fẹ́ ta Range Rover ọdún 2006 fún mi. Ó mọ́ tónítóní, iye tó ń pè é kò sì ju owó Camry lọ. Iye tí mo ní ní báńkì náà nìyẹn gan-an. Ó pẹ́ tí jíìpù yìí ti ń wù mí. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọrọ̀ ajé, ọ̀gá mi. Ajé á wọgbá o.

Bí iye tí ẹ ní bá jẹ́ iye tí wọ́n ń pè é, ẹ má rà á. Jíìpù náà dára, ìjókòó rẹ̀ tu èèyàn lára gan-an. Ohun tó sọ ọ́ di ẹgbẹ́ Camry ni pé ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n owó páàtì rẹ̀ kò gbó. Àwọn ọlọ́jà páàtì ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n'Ìbàdàn kì í bi yín léèrè iye tí ẹ ra ọkọ̀ kí wọ́n tó dá owó lé e.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí ni pé kí wọ́n pín owó wọn sí mẹ́ta. Ìdá méjì ni kí wọ́n fi ra ọkọ̀, kí ìdá kan dúró ní báńkì fún ọdún àkọ́kọ́. Inú ìdá kan yẹn ni táyà, búréèkì, bátìrì àti ọ́ìlì gíà máa ti jáde. Owó tí ẹ fi ń kó símẹ́ǹtì kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Epo ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì V8 ni, èyí tó ní sílíńdà mẹ́jọ. Lójú ọ̀nà tó já geere, ẹ ṣírò rẹ̀ sí lítà 15 fún 100 kìlómítà, nǹkan bí Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní àlọ àti àbọ̀. Nínú ìgboro, ó lè lé ní 20. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ìnáwó tó yẹ kéèyàn jókòó rò ni.

Ẹ rí i dájú pé 2006 ni lóòótọ́. Nọ́ńbà ṣáásí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún; ìkẹwàá rẹ̀ ló ń sọ ọdún. Bí ó bá jẹ́ 6, òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ó bá jẹ́ 5 tàbí 4, wọ́n fẹ́ rẹ́ yín jẹ ni. Ó ṣe pàtàkì, torí ẹ́ńjìnnì BMW ló wà nínú ti 2002 sí 2005, láti 2006 ló di ti Jaguar. Ti Jaguar ni mo fara mọ́. Ti BMW yẹn, ike tó ń tọ́ ṣéènì inú rẹ̀ máa ń fọ́ bó bá ti gbó, omi a sì máa jò láàárín ẹ́ńjìnnì níbi tí ọwọ́ kì í tètè dé.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbówó jù. Kò ní sípíríǹgì. Báàgì rọ́bà mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn ló gbé e dúró. Bí báàgì kan bá sán, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jò, kọ̀mpúrésọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú wọn á sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí tí òun náà á fi jóná. Ìnáwó kan á wá di méjì. Nírọ̀lẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ náà síbi tó tẹ́jú. Ẹ fi tépù tí ẹ fi ń wọn irin ní ṣọ́ọ̀bù wọn àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná sí i, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá sọ̀ díẹ̀, kò burú. Bó bá sọ̀ débi pé ìka kò lè kọjá láàárín táyà àti fẹ́ńdà, ó ń jò. Ẹ bu omi ọṣẹ sára báàgì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Àwọn kan á ní kí ẹ yọ báàgì, kí ẹ fi sípíríǹgì sí i. Ó ṣeé ṣe, ìnáwó á sì dín kù, ṣùgbọ́n ìtura tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á á lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ fọwọ́ ba bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ó tutù ni kí ẹ tó ṣíná, torí èéfín àti ariwo àìsàn máa ń fara pamọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Bí rẹwáyà bá so ẹ̀rọ tó ń yẹ ọkọ̀ wò mọ́ ọn, tó ní kò sí kóòdù kankan tó ń sọ ohun tó bàjẹ́, ẹ ní kó wò ó bóyá àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Bí wọn kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn kóòdù náà rẹ́. Ẹ wà á jìnnà díẹ̀, kí wọ́n tún so ẹ̀rọ mọ́ ọn.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà ṣáásí mu. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, torí náà ẹ wo ibi tó gbà wọlé nínú ìwé náà.

Tèmi, Land Cruiser 100 tí Toyota ṣe láti 1998 dé 2007 ni mo máa ní kí ẹ wá, tàbí Lexus LX 470 tí wọ́n jọ ń lo ẹ́ńjìnnì V8 oní lítà 4.7. Epo tí wọ́n ń mu kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti Range, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tó mọ inú wọn kò wọ́n lágbègbè wa. Ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímíìnì rẹ̀ kẹ́yìn, torí ní 150,000 kìlómítà ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kà á sí pé kò tíì pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Bí Range náà bá ṣì ń wù yín, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gbé iye rẹ̀ wálẹ̀ sí ìdá méjì nínú mẹ́ta owó yín, kó sì gbà kí ọkọ̀ náà sun ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá kọ̀ ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ.