Ìbéèrè Yín: Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Wúwo, Ọkọ̀ Kò Gbéra Mọ́

Ìbéèrè: Táyà 265/70R17 ló bá píkọ́ọ̀pù mi wá, lórí rímù álúmínì. Mo yọ wọ́n, mo fi táyà ẹrẹ̀ 315/70R17 sórí rímù irin. Láti ìgbà náà, bí mo bá tẹ tọ́tù, ọkọ̀ á kọ́kọ́ rò ó ná kó tó lọ. Gíà ọ̀tọmátíìkì sì ń lọ ń bọ̀ lórí òkè tí kò tó nǹkan. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnì ti rẹ̀, ká tú u. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ ní kó fi sípánà rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í dédé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun méjì lẹ ṣe pa pọ̀: ẹsẹ̀ ọkọ̀ ga sí i, ó sì wúwo sí i. Ọ̀tọ̀ ni wàhálà ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ká mú gíga rẹ̀ ná. Nínú 265/70R17, 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 70 ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ táyà ga tó ìdá 70 nínú 100 fífẹ̀ yẹn. 17 sì ni íńṣì rímù. Tí ẹ bá ṣírò ó, táyà àtijọ́ ga tó mìlímítà 803 láti ilẹ̀ dé orí. Tuntun yìí jẹ́ 873, ó fi bí ìdá 8.7 nínú 100 jù ú lọ. Nọ́ńbà gíà ásùlù ni iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń bọ̀ láti gíà ń yí kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan; bó bá ti kéré tó ni agbára ìfà ń dín tó. Bí tiyín bá jẹ́ 3.73, bí ẹni fi 3.43 sí i ni ọkọ̀ ń ṣe báyìí. Gíà gíga kò lè fa ọkọ̀ gun òkè mọ́, èyí tó tẹ̀lé e nísàlẹ̀ ń mú ẹ́ńjìnì ké. Ìdí nìyẹn tí gíà kò fi rí ojú kan dúró sí.

Ìwúwo ńkọ́? Ẹrù tí ẹ dì sẹ́yìn ọkọ̀, iwájú nìkan ló ń lọ. Ìwúwo tó wà létí táyà ń lọ síwájú, ó tún ń yí, ẹ́ńjìnì sì gbọ́dọ̀ san owó méjèèjì. Ká ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi kílò 12 wúwo ju ti tẹ́lẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 48. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà níbi tí táyà ti ń kan ilẹ̀, ẹ́ńjìnì á gbà á bíi kílò 96 nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra. Bí ìwúwo náà bá ṣe súnmọ́ àárín rímù tó ni ìnira rẹ̀ ń dín tó. Torí náà táyà tó wúwo burú ju rímù tó wúwo lọ, bí kílò wọn bá tilẹ̀ dọ́gba. Ẹni tó ń sáré kan náà lọ lójú títì gbọọrọ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń dúró, tó ń gbéra nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń jẹ ẹ́.

Ti gíga ní àtúnṣe: kí wọ́n pààrọ̀ gíà ásùlù sí 4.10. Bí ọkọ̀ yín bá ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, iwájú àti ẹ̀yìn ni kí wọ́n pààrọ̀, kí nọ́ńbà wọn dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á jọ máa fa ara wọn ya. Ti ìwúwo kò ní oògùn míì ju kí ẹ ra èyí tó fúyẹ́. Lójú tèmi, 285/70R17 lórí rímù álúmínì àtijọ́ yín ì bá ti tó, ìdá 3.5 péré ló fi ga jù, ẹ kò sì ní fọwọ́ kan gíà. Títí ẹ ó fi pinnu, ẹ fi gíà sí ipò ìfàrù (Tow/Haul) nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, nítorí gíà tó ń lọ ń bọ̀ ń se òróró inú rẹ̀.

Ìbéèrè: Irú táyà yẹn kan náà ni mo lò. Ṣé òótọ́ ni pé epo mi ń jó tó bí mo ṣe ṣírò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó ń jó, àmọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yí ni ọkọ̀ ń kà, ó sì ń fi ìwọ̀n táyà àtijọ́ sọ ọ́ di kìlómítà. Bó bá kọ 460, 500 lẹ rìn. Ẹ fi 1.087 ṣe ìsọdipúpọ̀ kìlómítà náà kí ẹ tó pín in sí lítà epo. Ẹ ṣọ́ra fún eré pẹ̀lú: bí aago bá péye tẹ́lẹ̀, 100 tó ń fi hàn ti ń lọ sí 109. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìwọ̀n táyà tuntun sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀.

Ìbéèrè: Sítiárìn ń gbọ̀n, bíréékì sì dà bí ẹni pé ó rọ̀. Rímù mi yọ síta díẹ̀.

Ìdáhùn: Bíréékì kò rọ̀. Dísìkì kò tóbi sí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti jìnnà sí i, nítorí náà bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú yín, ẹ sì máa yẹ páàdì wò kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti gbígbọ̀n, bálánsì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, pàápàá bó bá jẹ́ láàárín eré kìlómítà 80 sí 110 ní wákàtí kan ló ti ń gbọ̀n. Bó bá jẹ́ ìjókòó ló ń gbọ̀n, tí sítiárìn dúró jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè pẹ̀lú jáàkì, kí ẹ sì fi ìdúró irin tì í lábẹ́. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í: bó bá ń mì, bíárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni. Ẹ dì í mú lápá òsì àti ọ̀tún: bó bá mì níbẹ̀ nìkan, táírọ́ọ̀dù ni. Rímù tó yọ síta ń fa bíárìn ní ìfàkufà, ìwúwo sì ń sáré jẹ ṣọ́ọ̀kì.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ 80 psi sára táyà tuntun mi. Ṣé kí n fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Afẹ́fẹ́ tí táyà nílò láti gbé ẹrù tó pọ̀ jù lọ nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, 80 á jẹ àárín táyà, á sì máa ta yín sókè. Ẹ má sì dá a dúró sórí iye tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bí táyà àtijọ́ bá jẹ́ ti ọkọ̀ kékeré, tí èyí sì jẹ́ LT (táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré): ní psi kan náà, LT ń gbé ẹrù tó kéré. Ẹ wọn ọkọ̀ lórí òṣùwọ̀n, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ wá psi rẹ̀ nínú táblì ilé iṣẹ́ táyà. Ìgbà tí táyà bá tutù ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń di rímù àtijọ́ ńkọ́, ṣé mo lè lò ó fún rímù tuntun?

Ìdáhùn: Ẹ wo ojú rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ẹlẹ́nu ṣóńṣó kì í jókòó dáadáa sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ roboto. Ó máa ń tú. Ẹ dì wọ́n ní àgbélébùú, ní ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀, kí ẹ sì tún un dì lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 100. Táyà sípíà náà gbọ́dọ̀ ga tó àwọn tó kù, bí ọkọ̀ yín bá ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà.